Ìwé Tó Gbé Mi Jáde Lọ́jọ́ Orò

Àwọn ọmọ ọmọ mi ní etí mi ti di. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní dáhùn. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀kejì, màá máa ṣe ohun tí mò ń ṣe lọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó ní “hẹn”. Wọ́n á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní màmá ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Etí mi yìí mú ju tiwọn lọ. Ọdún kan ló kọ́ mi pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pe èèyàn ló yẹ kéèyàn dá lóhùn, ọdún yẹn náà ni mo sì ka ìwé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti mí sí ọ̀run, tó tún wá dá mi padà sílé. Ẹ jókòó, kí n rò ó bó ṣe rí.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, nílé tí òórùn ẹja yíyan kì í kúrò lára ògiri. Múkáílà ni bàbá mi ń jẹ́, ọmọ Ìkòròdú ni wọ́n ní tiwọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ẹrù àti èrò, ìyá mi ń yan ẹja, èmi sì ń lọ sí sùkúù. Èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Lọ́jọ́ kan, ìjì ká bàbá mi mọ́ ojú ọ̀sà. Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n rí àjẹ̀, wọ́n rí fìlà wọn níbi tó há sí láàárín koríko etí omi, wọn ò rí bàbá mi. Òkú tí kò ní sàréè, ẹ̀rù tirẹ̀ yàtọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí wọn fi dé láti Ìkòròdú, wọ́n ní ilé ọkọ ni opó ti ń ṣe opó, ni wọ́n bá kó èmi àti ìyá mi sínú lọ́rì. Nínú gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi, ohun kan ṣoṣo ni mo rí mú kúrò nílé, ìwé kan ni.

Ilé alámọ̀ gígùn ni ilé bàbá bàbá mi ní Ìkòròdú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣókùnkùn là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá tiwa ló sì gbẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n ti kan fèrèsé rẹ̀ pa. Ihò kékeré kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ìyá mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ti opó nìyẹn, mo gbọ́. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n ní èmi náà ò gbọdọ̀ kọjá géètì ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Rábí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni mo ṣe. Wọ́n ń to iṣu ewùrà tí wọ́n fẹ́ rin fún ìkọ́kọrẹ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. “O ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí omi bá gbé, tí a ò rí i sin, ọmọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá wá.” Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Rábí máa ń fọ bàtà bàbá mi. Sálúbàtà awọ kan báyìí ni, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú nígbà tí wọ́n wá síbẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, orí bàtà á kọjú sínú yàrá. Wọ́n ní bó bá dé, kó lè mọ̀nà. Ìyá mi kì í wò ó. Èmi ni mo máa ń wò ó, torí kò sí nǹkan mìíràn láti wò, lójú tèmi, ó máa ń jọ pé ẹni kan dúró sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé yẹn ṣe ní ohùn tirẹ̀ lọ́sàn-án. Páànù á máa dún kẹ̀kẹ̀ bí oòrùn bá mú un, odó á dákẹ́, àwọn àgbà á sùn, nǹkan kan á sì máa rìn lókè àjà, tí wọ́n ní eku ni. Ìyá Rábí ló kọ́ mi ní òfin ọ̀sán: “Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lọ́sàn-án gangan, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Èèyàn á pè ọ́ dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń pè.”

Ọkùnrin méjì ló kù nínú ọmọ ìyá bàbá mi. Bàbá Ilé ni àgbà, àwọn ni olórí ẹbí. Ẹsẹ̀ wọn kan ò dáa, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, kó, kó, kó, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dé, wọn ò bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan rí. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣú opó kì í bá a sọ̀rọ̀ títí opó á fi tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ikọ́ wọn nìkan ni mo mọ̀. Ìkejì ni Bàbá Sàbí, àbúrò bàbá mi, tó ní lọ́rì kan ní gáráàjì, tó sì ní ìyàwó mẹ́ta. Bàbá Sàbí ò ka òfin kankan sí. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, wọ́n á ní, “Ìyàwó mi tuntun, ṣé o jí dáadáa?” Ìyá mi á tutọ́ sínú ike.

Ìyá Rábí ló là á yé mi bí yóò ṣe rí. Lọ́jọ́ tí opó bá tán, ìyá mi á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á jókòó lórí ẹní níwájú ẹbí. Àwọn ọkùnrin ilé á kó pákò tí wọ́n fi ń rin ẹnu sínú abọ́ kan, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Wọ́n á gbé abọ́ náà síwájú ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá mú pákò rẹ̀ ló ni wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? “Kó kọ̀. Ta ló dè é mọ́lẹ̀? Kó máa lọ sí Ẹ̀pẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ilé yìí ni ìwọ, o ò ní bá a lọ.” Ọ̀rọ̀ tó lé mi lóorun nìyẹn. Bí ìyá mi bá mú pákò, Bàbá Sàbí ló ń dúró dè wọ́n, torí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìyàwó kò sí lọ́kàn Bàbá Ilé mọ́. Bí wọn ò bá mú un, mo pàdánù wọn. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n. Wọn ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń di irun mi, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì.

Kí n wá sọ ti ìwé náà. Èrò kan ló gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e wá fún mi bí ẹni gbé ẹyin. Èèpo iwájú rẹ̀ ti já, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ìtàn àròsọ ni, nípa ọmọbìnrin kan tí àwọn agbésùnmọ̀mí jí gbé, tí wọ́n tì mọ́ ilé ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú àjèjì. Ọmọbìnrin inú ìwé yìí kì í sunkún, ohun tó wú mi lórí nìyẹn. Ó ń kọ́ ilé náà bí ẹni ń kọ́ kéú. Ó mọ ẹsẹ̀ ta ni èyí, ó mọ ilẹ̀kùn tó máa ń han, ó mọ ìgbà tí ajá máa ń sùn. Mo ń kà á fún ìyá mi lójoojúmọ́ níbi ihò ìmọ́lẹ̀ yẹn, tí mo bá ti dé ẹ̀gbẹ́ kan ìwé, màá sún un kí ìmọ́lẹ̀ lè bá ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbẹ̀rẹ̀, ìyá mi ní irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò tíì jẹun tán tí wọ́n á fi ní, “Ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n fún un jẹ lónìí?” Ó ṣe mí bíi pé àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe opó nínú yàrá yẹn.

Ọmọbìnrin náà wá rí i pé ọjọ́ kan wà lọ́dún tí gbogbo ará ilé tó jí i gbé máa ń sá pamọ́, ẹ̀ṣọ́ àti olówó, nítorí ohun kan tó ń jáde láti inú odò. Mo há ohun tó sọ sórí: ohun tó ń ba ẹni tó dè ọ́ lẹ́rù, òun ni ilẹ̀kùn rẹ. Nígbà tí ọjọ́ yẹn pé, ó dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn. “Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì...” Ibẹ̀ ni ìwé náà ya. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò sí.

“Ó sì kí ni?” ni ìyá mi wí.

“Ó ti tán, Ìyá.”

“Kí ló ń jẹ́ ó ti tán? Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò!” Inú bí wọn sí mi, àfi bíi pé èmi ni mo jẹ ìwé náà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí opó tán nígbà tí wọ́n kéde Orò. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kankan ò gbọdọ̀ yọjú. Gbogbo ará Ìkòròdú ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o. Àwọn obìnrin ilé se oúnjẹ sílẹ̀ lálẹ́ àná rẹ̀, wọ́n fi ẹní dí fèrèsé, wọ́n wọ yàrá inú lọ. Àwọn ọkùnrin jáde. Ìyá Rábí ti ara wọn mọ́ yàrá, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ géètì sílẹ̀ lórí ìṣó tó máa ń wà, torí obìnrin wo ló máa wá a lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Mo rí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ọmọbìnrin inú ìwé ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin jẹ́ àgbẹ̀ ní Agbówà, onísùúrù èèyàn tó lè bá ẹbí sọ̀rọ̀. Tí mo bá lè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wá gbà wá sílẹ̀. Mo rò pé Agbówà ò jìnnà, nítorí mo sùn nínú lọ́rì nígbà tí à ń bọ̀. Orò ńkọ́? Mo ní Orò Ìkòròdú ò mọ̀ mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ẹ wo agọ̀ ọmọ! Títí dòní, tí mo bá rántí, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ìyá mi ti sùn lọ. Mo fi ìró so ìwé mọ́ àyà, mo ṣí géètì, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ìlú sì ti kú. Àtẹ wà níbẹ̀, ẹni tó pàtẹ ò sí. Ewúrẹ́ kan dúró láàárín títì, ó ń wò mí, kò kúrò lọ́nà, èmi ni mo yà fún un. Nílé kan tí mo kọjá, ọmọ ọwọ́ ké, ọwọ́ kan sì bò ó lẹ́nu, ẹkún náà gé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀yìn gbogbo ògiri tí mò ń kọjá, obìnrin ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mí, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò sì sí ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn fún mi. Mi ò mọ̀nà. Mò ń wá títì lọ́rì, mo sì bá ara mi lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò ní sín in jẹ. Ohùn náà kì í ṣe ti èèyàn, kì í ṣe ti ẹranko, inú ikùn lèèyàn ti ń gbọ́ ọ kó tó dé etí. Ó wà lọ́tùn-ún, ó tún wà lẹ́yìn.

“Sìkírá.”

Láti ìhà omi ni. Ohùn bàbá mi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń fa ìparí orúkọ mi bí wọ́n bá ń gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fà á. Ẹnu mi ti là, “Bàbá” ti dé orí ahọ́n mi. Mo rántí Ìyá Rábí, mo pa ẹnu dé, mo fi eyín tẹ ahọ́n.

“Sìkírá o.”

Ó wá rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ń sunkún, mi ò dáhùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Nǹkan tútù ni mo mọ̀ lára, mo wolẹ̀, mo rí i pé inú ẹrẹ̀ etí omi ni mo dúró sí, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Ká sọ òtítọ́, mo fẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ǹ bá lọ.

“Sìkírátù!”

Ẹ̀yìn mi gan-an ló ti dún, ó le, aṣọ ńlá kan sì bò mí látorí dé ẹsẹ̀. “Dijú. Má sọ̀rọ̀.” Ohùn bàbá mi náà ni! Mo ti gbà pé mo ti kú. Ìgbà tí ọwọ́ kan dì mí léjìká mú, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ni mo gbọ́ kó, kó, kó, tí mo sì gbọ́ ikọ́. Bàbá Ilé ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ wọn rìn, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn, ni wọ́n rí mi lókèèrè. Mi ò mọ̀ rí pé ohùn kan náà ni àwọn àti bàbá mi ní.

A ò tíì rìn jìnnà tí ohùn yẹn fi dé bá wa. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ aṣọ mọ́ mi lójú, mo gbọ́ òórùn ewé tútù, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ẹnì kan ní, “Bàbá, ta lẹ fi aṣọ bò yẹn?”

“Ọmọ wa ni. Ọmọkùnrin Múkáílà. Ibà ń ṣe é.”

“Múkáílà bí ọkùnrin kẹ̀?”

Ọwọ́ tó wà léjìká mi ń tì mí lọ síwájú. “Ṣé mo máa wá dúró lójú Orò, kí n máa purọ́ ni?” Ẹsẹ̀ wọn kọjá lọ. Bàbá Ilé mú mi dé géètì, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó, ìyá mi ṣì ń sùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Ilé ránṣẹ́ pè mí síwájú ilé, òfin àìbá-mi-sọ̀rọ̀ ti já létí omi. Wọ́n ní ẹnu mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́, kódà fún ìyá mi. Wọ́n ní kí ni mo ń wá lọ. Mo fi ìwé hàn wọ́n. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n ka ibi tí mo ti rí ọgbọ́n náà, mo kà á dé ibi tó ya. “Ó sì kí ni?” ni wọ́n wí. Mo ní ó ti ya, Bàbá. Wọ́n ní, “Hùn.”

Mo wá bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọn ò kúkú wá mú mi.

Wọ́n gbójú sókè wò mí. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pè ọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì láti ìhà omi.”

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Ojú wọn pọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní kí Ìyá Rábí má fọ bàtà yẹn mọ́, wọ́n sì gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọjọ́ pákò pé. Ìyá mi wẹ̀, wọ́n wọ funfun, àlùfáà ṣe àdúà, ó sì lọ. Láàárọ̀ yẹn mo wá pákò mi níbi tí mo máa ń kì í bọ̀ lára ògiri, mi ò rí i, mo fi omi lásán yọ ẹnu. Wọ́n gbé abọ́ tánganran síwájú ìyá mi. Pákò méjì ló wà nínú rẹ̀: ti Bàbá Ilé, dúdú, kúkúrú, ti Bàbá Sàbí, gígùn, tútù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni. Ìyá mi mi orí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e dé. Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá mi wò mí. Mo rí i lójú wọn pé nítorí tèmi wọ́n máa mú un. Ọwọ́ wọn jáde, ó ń lọ síbi èyí tó gùn. Bàbá Sàbí ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Dúró,” ni Bàbá Ilé wí. “Pákò ò tíì pé.” Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú igi kékeré kan jáde tí orí rẹ̀ ti fẹ̀ bí ìgbálẹ̀, torí bí ewúrẹ́ ni mo ṣe ń jẹ pákò. Tèmi ni! Wọ́n fi í sáàárín méjì tó kù.

Bàbá Sàbí bú sẹ́rìn-ín. “Ti ta nìyẹn?”

“Ti ọmọkùnrin Múkáílà.”

“Ẹ̀gbọ́n, Sìkírá kì í ṣe ọkùnrin!”

“Lọ́jọ́ Orò, wọ́n bi mí, mo sì dáhùn lójú Orò pé ọmọkùnrin Múkáílà wà lábẹ́ aṣọ mi. O ò sí níbẹ̀ ni?” Ohùn wọn ò le, bí ẹni ń béèrè omi ni. “Nínú ìwọ àti èmi, ta ló máa padà lọ sọ fún Orò pé irọ́ ni mo pa?”

Ẹ̀rín tán lójú Bàbá Sàbí. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, mo sì rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Wọ́n wolẹ̀. Ìyá Rábí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ pákò mi. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi mú un.

Bàbá Ilé kọjú sí mi. “Ibi tí ọkọ bá ń gbé ni ìyàwó ń gbé. Ìwọ, níbo lò ń gbé?”

“Ẹ̀pẹ́ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Mú ìyàwó rẹ, kí ẹ máa lọ sílé.”

A wọ lọ́rì lọ́jọ́ kejì. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ibi tó ya ni mo fi pákò yẹn sí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ò ti pe orúkọ mi mọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi bí mo bá ti sùkúù dé, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní eré kí ni ti ìyá àti ọmọ yìí. Títí mo fi di abiyamọ, títí wọ́n fi darúgbó tí ojú wọn ò ríran mọ́, bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Ọkọ mi, o dé.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń pè é. Mo sì máa ń dáhùn.